Ìdì Aṣọ Làmídì Lára Ọkọ̀ Ogun

Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ẹni tó pàdé mi lójú ọjà Ẹ̀jìgbò tí kò bi mí pé, "Ìyá Kúdí, báwo ni Kóńgò ṣe rí?" Mo mọ̀ pé kì í ṣe Kóńgò ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá mo rí Làmídì ọkọ mi, ojú ló kàn ń tì wọ́n láti béèrè. Ó dáa, ẹ fìdí mọ́lẹ̀. N óò sọ ti Kóńgò fún yín, n óò sì sọ ti Làmídì, ṣùgbọ́n bó ṣe wù mí ni n óò ṣe sọ ọ́. Ẹni tó bá ń kánjú kó máa lọ sí oko rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti dúró ju ogún ọdún lọ, kò ní bàjẹ́ tó bá dúró díẹ̀ sí i.

Ẹsẹ̀ adìẹ

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ pé Abíjàn ni èmi àti Làmídì gbé nígbà èwe wa, bí ọ̀pọ̀ nínú ará ilé wa. Àǹkárá ló ń tà. Nígbà tí àwa Ẹ̀jìgbò wá pọ̀ lọ́jà náà débi pé ọlọ́jà méjì ń fa oníbàárà kan lápá, ó ní òun gbọ́ pé àwọn obìnrin Kóńgò fẹ́ràn àǹkárá ju oúnjẹ lọ. Ó lọ, ó padà. Ó tún lọ, ó tún padà. Èmi ni mo máa ń bá a rán ẹnu àwọn àpò ìdọ̀họ tó fi ń di aṣọ. Òwú pupa ni mo fi ń rán an, ó sì ní bí mo ṣe ń rán an: abẹ́rẹ́ á lọ síwájú, á yà sọ́tùn-ún, á yà sósì, á wá padà, bí ìgbà tí adìẹ tẹ ilẹ̀ ẹrẹ̀. Gbogbo oníṣòwò ló ní àmì tirẹ̀ kí ẹrù má baà ṣìnà. Ẹsẹ̀ adìẹ ni tiwa.

Ìgbà kẹta tó lọ ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Inú ọkọ̀ eléèéfín kan ló wà, ọkọ̀ odò àtijọ́ tó máa ń kó èrò àti ẹja gbígbẹ. Àwọn ṣọ́jà dá ọkọ̀ náà dúró, wọ́n ní kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, pé láti ọjọ́ yẹn lọ ọkọ̀ ogun ni. Èrò sọ̀ kalẹ̀. Làmídì ò sọ̀ kalẹ̀. Ó ní òun ò lè fi ẹrù sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ wọkọ̀ ló ròyìn bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà tí wọ́n sá dé Abíjàn, n kò sì bá wọn jiyàn, torí mo mọ ẹni tí mo fẹ́. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Oníṣòwò Ẹ̀jìgbò kì í fi ẹrù lé àjèjì lọ́wọ́. Orí ẹrù rẹ̀ ló ń sùn títí ẹrù á fi dé ibi tó ń lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ogun náà parí, a ò gbọ́. Mo dúró ní Abíjàn títí Kúdí ọmọ wa fi lọ́kọ, mo bá padà wálé wá máa tọ́jú Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ mi. Ní gbogbo ìgbà tí ẹbí bá fẹ́ pe àwọn ààfáà wá ṣe fídáù fún Làmídì, Ìyá Àgbà á bi wọ́n pé, "Ta ló rí òkú rẹ̀ nínú yín?" Wọ́n á tú ká. Bí kò ti sí òkú, kò sí opó. N ò jókòó ṣọ̀fọ̀ rí, ẹnì kan ò sì wọlé wá kí mi rí pé ẹ kú ará fẹ́ra kù. N kì í ṣe opó, n kì í ṣe adélébọ̀. Tí àwọn obìnrin bá ń pín ara wọn sí ọ̀nà méjì níbi ayẹyẹ, èmi ni mo máa ń lọ jókòó ti ìkòkò omi.

Iléyá tó kọjá ni Ráímì, ọmọ ìlú Ará kan tó ń ta ẹ̀yà fóònù ní Kíńṣásà, wá kí mi. Ó ti mọ̀ mí láti kékeré, torí mo ṣì ń rán àpò fún àwọn ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ àti alágbàdo lọ́jà wa. Ó jókòó, ó ń fọwọ́ pa eékún.

"Ìyá, ẹ má bínú sí mi," ló wí. "Ọkọ̀ ogun àtijọ́ kan wà lókè odò tí àwọn èèyàn ń gbénú rẹ̀. Òjò lé mi wọbẹ̀. Mo rí aṣọ ìlẹ̀kùn kan níbẹ̀, àpò ìdọ̀họ ni. Òwú pupa. Ẹsẹ̀ adìẹ yín ni, mà."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Ìyá Àgbà lọ. Ojú wọn ti di bàìbàì báyìí, ṣùgbọ́n ahọ́n wọn ò tíì rọ̀.

"Lọ," ni wọ́n wí. "Tó bá wà láàyè, fà á létí wálé. Tó bá ti kú, wá sọ fún mi pé ó kú. Ṣùgbọ́n má gbé iyèméjì wọlé yìí wá bá mi. Èyí tí mo ní ti tó mi."

Abíjàn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé Abíjàn rí mọ ọ̀nà náà, n ò ní fi dá yín lágara. Bọ́ọ̀sì gbé wa ní Ẹ̀jìgbò, ó já wa sílẹ̀ ní Abíjàn, ìdí ń ro mí, ó parí.

Ohun tí n ò mọ̀ ni pé àdúgbò lè gbàgbé èèyàn. Mo rìn lọ sí ojúlé tí a gbé rí. Níbi tí mo ti bímọ, tí mo ti din dòdò tà títí èéfín fi wọ̀ mí lára, obìnrin kan yọjú lójú fèrèsé, ó bi mí ní Faransé pé, "Tántì, ta lẹ̀ ń wá?" Mo ní mò ń kọjá lọ ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó pa fèrèsé dé. Mo dúró lẹ́bàá gọ́tà fún ìgbà díẹ̀, mò ń wo fèrèsé ara mi.

Kúdí ò fẹ́ kí n lọ. Ó gbé àtíkẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ti Abíjàn, àti ẹja díndín síwájú mi, ó jókòó, ó ń wò mí bí ẹni pé ọmọ tó ń ṣàìsàn ni mí.

"Màmá, Bàbá ti kú," ló wí. "Èmi ti sunkún tèmi tán láti ìgbà tí mo wà níléèwé. Kí lẹ tún ń wá lọ?"

"Ìwọ sunkún tìẹ, ó tán," mo ní. "Ta ló bá èmi sunkún?"

Ó dìde, ó lọ mú ìborùn aláwọ̀ ewé tó rà fún ìkómọ ọmọ rẹ̀, ó ní kí n mú un dání, pé ó ṣeé ṣe kí òtútù wà lórí omi. Ó dùn mí pé mo jágbe mọ́ ọn. Ọmọ dáadáa ni.

Ewé ẹ̀gẹ́

Mo ti rò pé nígbà tí mo ti gbọ́ Faransé, kò sí ibi tí n óò ti jẹ́ àjèjì mọ́. Kíńṣásà fi mí rẹ́rìn-ín. Faransé tèmi jẹ́ ti ọjà Abíjàn, tiwọn jẹ́ tiwọn, wọ́n sì máa ń fi èdè odò wọn bù ú là láàárín, kí o tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ó ti kọjá.

Ọjọ́ tí bàálù gbé mi dé, mo kúnlẹ̀ kí ìyá onílé Ráímì, bó ṣe yẹ kéèyàn kí àgbà. Obìnrin náà figbe ta. Ó rò pé orúnkún ló yẹ̀ mí. Ó fà mí sókè, ó ń yẹ ẹsẹ̀ mi wò, ó ní kí wọ́n lọ bu omi gbígbóná wá. Ráímì ṣe àlàyé títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti jáde ní àárọ̀, ìyá náà á yára di apá mi mú kí n tó kúnlẹ̀. Àwọn, orí ni wọ́n fi ń kí ara wọn, wọ́n á fi ẹ̀bátí kan ẹ̀bátí, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún. Tí mo bá ṣe é, ọrùn á dùn mí. Ṣùgbọ́n èèyàn tútù ni wọ́n, n ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ẹni tí kò ní ju àga kan lọ, á dìde fún ọ.

Oúnjẹ wọn ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ewé ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀. Ewé ẹ̀gẹ́ tí a ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí rẹ̀ ní Ìsúndúnrin, ọ̀dọ̀ àwọn bàbá mi, òun ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń sè fún àlejò pàtàkì. Mo wo abọ́, mo wo ẹnu ìyá onílé, mo ṣe Bísímílà, mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Mo bínú pé ó dùn, torí ó túmọ̀ sí pé láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ewúrẹ́ gbọ́n jù mí lọ. Ẹ̀gẹ́ náà fúnra rẹ̀, wọ́n máa ń fi ewé dì í, á le, ó dà bíi fùfú tó ń bínú. Mo fẹ́ kí Làmídì wà níbẹ̀ kí ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bóyá òun náà jókòó níwájú irú abọ́ bẹ́ẹ̀ rí, kò sì rí ẹni tí á bá sọ ọ́.

Wọn kì í pè wá ní Yorùbá. Wọn kì í tilẹ̀ pè wá ní ọmọ Nàìjíríà. Àwa, ará Málì, ará Sẹ̀nẹ̀gà, gbogbo wa ni wọ́n ń pè ní àwọn ará ìwọ̀-oòrùn. Ogójì ìlú ni wọ́n kó sínú àpò kan.

Lórí omi

Ráímì ò lè bá mi lọ, torí kò sí ẹni tí yóò bójú tó ìsọ̀ rẹ̀. Ó fi mí lé ìyàwó ọlọ́kọ̀ kan lọ́wọ́, ó dọ̀bálẹ̀ lórí pákó tútù níwájú gbogbo èrò, wọ́n sì ń wò ó bíi wèrè. Bí ọkọ̀ wa ṣe ń fà kúrò létí omi, ó ké sí mi pé, "Ìyá, ó dàbọ̀ o, ẹ máa rọra." Yorùbá tí mo gbọ́ kẹ́yìn nìyẹn títí mo fi padà.

Ẹni tó bá mọ odò Ọ̀ṣun nìkan kò tíì mọ omi. Odò yìí fẹ̀ débi pé o ò ní mọ èyí tó jẹ́ òdì-kejì àti èyí tó jẹ́ erékùṣù. Igbó ni lọ́tùn-ún, igbó ni lósì, a á fi odindi ọjọ́ rìn, igbó yẹn náà ni a ó ṣì máa wò. Àwọn èèyàn ń wa ọkọ̀ kékeré wá bá wa lójú omi, wọ́n ń ta ọ̀bọ gbígbẹ, wọ́n ń ta ẹja, wọ́n ń ta ògì wọn. N kì í jẹ ọ̀bọ. Ní ọjọ́ kan obìnrin kan gbé igbá kan sókè, mo rí kànní nínú rẹ̀, kòkòrò ìdí igi tí àwọn ìyá wa máa ń yan nígbà tí a wà lọ́mọdé. Mo ra ìwọ̀n tí n ò lè jẹ tán. Mo ń jẹ ẹ́, omi ń bọ́ lójú mi, ìyàwó ọlọ́kọ̀ rò pé ata ló pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, ìdánìkanwà náà le. Àwọn èrò ń ṣeré, wọ́n ń jó, wọ́n ń fún mi lóúnjẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ orúkọ ìyá mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi sọ̀rọ̀. Tí mo bá ń ṣe àlùwàlá, mo máa ń sọ ọ́ síta pé, "Rámọ́tù, fọ ẹsẹ̀ rẹ dáadáa," kí n ṣáà lè gbọ́ Yorùbá. Mo wá ń ro ti Làmídì, tó wà lórí omi kan náà, láàárín àwọn ṣọ́jà, tí kò sí ẹni tó lè bá sọ pé ẹ káàárọ̀. Mo ti bínú sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí ẹrù yẹn. Lórí omi náà ni ìbínú náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ mí.

Màmá Bẹ́à

Ọkọ̀ ogun náà kò sí lójú omi mọ́. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sínú ẹrẹ̀ létí ìlú kékeré kan, igi ti hù ní ihò èéfín rẹ̀. Wọ́n ti tú ìbọn ńlá tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Ibi tí ìbọn náà dúró sí, ewúrẹ́ ni wọ́n so síbẹ̀. Páànù irin tí wọ́n kàn mọ́ ara rẹ̀ nígbà ogun ṣì wà, ó ti dípẹtà, ihò ọta wà lára rẹ̀ káàkiri, àwọn tó ń gbénú rẹ̀ sì fi èkísà dí àwọn ihò náà nítorí ẹ̀fọn. Aṣọ fífọ̀ ni wọ́n sá sí gbogbo ọ̀nà. Ẹnì kan ń din ẹja. Mo ti ń ro nǹkan abanilẹ́rù kan láti ilé wá, mo wá bá ilé àwọn èèyàn.

Obìnrin tó ni aṣọ ìlẹ̀kùn tí Ráímì sọ ń jẹ́ Màmá Bẹ́à. Obìnrin gíga ni, ó ti dàgbà jù mí lọ díẹ̀, kò ní eyín iwájú. Mo fẹ́ kí i, ojú mi sì bọ́ sára aṣọ ìlẹ̀kùn náà, gbogbo ìkíni fò lọ lórí mi. Ẹsẹ̀ adìẹ mi ni, lókè pátápátá. Òwú náà ti ṣá, ṣùgbọ́n kò tú. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ihò bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún wà lára àpò náà, ẹnì kan sì ti fi òwú pupa kan náà rán wọn pa. Irú ìránsọ burúkú bẹ́ẹ̀! Ó wọ́, ó kó jọ, ó ta kókó síbi tí kò yẹ. Mo mọ ọ́n. Ìgbà kan ṣoṣo ni Làmídì gbìyànjú láti rán bọ́tìnnì ara rẹ̀, ó rán an mọ́ ṣòkòtò tó wọ̀.

Mo fọwọ́ kàn án. Màmá Bẹ́à ń wò mí.

"Ìwọ ni ìyàwó," ló wí ní Faransé. Kò bi mí ní ìbéèrè.

Ó mú mi wọlé, ó bu omi fún mi, ó sì sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun ni olóúnjẹ ọkọ̀ náà nígbà tó ṣì ń kó èrò. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà gbà á, wọ́n ní kí òun dúró, torí ṣọ́jà náà ń jẹun. Ọ̀gá wọn rí àwọn ìdì aṣọ Làmídì, ó ní aṣọ tí wọ́n dì le bẹ́ẹ̀, ọta ò ní la á kọjá. Wọ́n tò wọ́n bí ògiri yí ibi tí awakọ̀ ń dúró sí ká, àti yí ìkòkò irin ńlá tó ń ho omi fún ẹ́ńjìnnì ká. Wọ́n ní kí Làmídì máa lọ. Ó ní kí wọ́n má gbàgbé pé aṣọ òun ni, òun á dúró tì í, tí ogun bá parí, òun á kó o. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Ògiri. Ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti gúnlẹ̀, ọ̀gá náà á bi í pé, "Bàbá Ògiri, o ò sọ̀ kalẹ̀?" Á ní, "Pẹ̀lú ẹrù mi."

"Tí ìjà bá parí," Màmá Bẹ́à wí, "àwọn ṣọ́jà á máa wo ara wọn bóyá ọta bà wọ́n. Òun, àwọn ìdì aṣọ ló ń yẹ̀ wò. Ibi tó bá rí ihò, á yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀, á jókòó, á rán an. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ìyàwó òun ló di ẹrù yìí, pé tí òun bá gbé ihò délé, ẹnu rẹ̀ ò ní jẹ́ kí òun gbádùn."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ dákun, mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ó dùn mí dé egungun, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó mọ̀ mí nìyẹn.

Màmá Bẹ́à ń fi ìka fá ilẹ̀.

"Lọ́dún kejì ogun," ló wí, "ọ̀gá náà mú ìdì kan kúrò nínú ògiri, ó pín aṣọ inú rẹ̀ fún àwọn obìnrin kan ní etí omi. Ọkọ rẹ bá a jà lẹ́nu, kò gbọ́. Àyè ṣófo síbi tí ìdì náà wà. Inú ọkọ̀ kún fọ́fọ́, ibẹ̀ nìkan ló ṣófo, ọkọ rẹ bá sọ ọ́ di ibi tó ti ń kírun. Ní ọ̀sán kan, tí oòrùn ti ń rọ̀, wọ́n yìnbọn láti inú igbó. Gbogbo wa dọ̀bálẹ̀. Òun náà ti forí balẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ń kírun ni. A ò tètè mọ̀ pé kò dìde mọ́."

Mo bi í pé ṣé ó jẹ̀rora. Ó ní rárá. Mo bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó tún ní rárá. Mo gbà á gbọ́, torí mo fẹ́ gbà á gbọ́.

Etí odò ni wọ́n sin ín sí, lábẹ́ igi kan. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń sìnkú Mùsùlùmí. Màmá Bẹ́à ló tú ìdì kan, ó ṣa èyí tó lẹ́wà jù nínú àǹkárá náà, èyí tó ní ẹyẹ aláwọ̀ búlúù, ó fi dì í láti orí dé ẹsẹ̀. Wọn ò mọ àdúà kankan, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń gbọ́ Àláhù Àkúbárù lẹ́nu rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí náà gbogbo wọn dúró, àti àwọn ṣọ́jà pàápàá, wọ́n ń pè é títí ó fi rẹ̀ wọ́n.

"Lẹ́yìn ogun ni ẹnì kan sọ fún mi pé aṣọ funfun ni wọ́n ń lò," ló wí. Ó wò mí lójú. "Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?"

"Oníṣòwò àǹkárá ni," mo ní. "O ò ṣẹ̀ ẹ́."

Ní ọjọ́ kejì, ó mú mi lọ síbi sàréè. Kò sí sàréè. Omi ti jẹ etí odò náà wọlé, igi náà ti wó lọ, àárín omi ni Màmá Bẹ́à ń na ìka sí fún mi. Mo dúró níbẹ̀, mo ṣe àdúà sí omi. N ò tíì dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní aṣọ ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ó ṣe bí ẹni tí kò fẹ́, ó ní láti ìgbà ogun ló ti wà níbẹ̀, òun ò ní aṣọ ìlẹ̀kùn mìíràn. Mo bọ́ ìborùn Kúdí lọ́rùn mi, mo ní kó bá mi wá abẹ́rẹ́. Mo tú àpò náà sílẹ̀, mo rán ìborùn aláwọ̀ ewé náà síbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ irú ìránsọ tí mo fi rán an.

Ilé

Ìyá Àgbà wà lórí ẹní nígbà tí mo wọlé. N ò tíì sọ nǹkan kan. Mo gbé àpò náà lé wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n fi ìka wá òwú náà kiri títí wọ́n fi bá ẹsẹ̀ adìẹ.

"Tìẹ nìyí," ni wọ́n wí.

Ìka wọn sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ sórí kókó àti wíwọ́. Ó dúró níbẹ̀. Ó tún padà lọ síbẹ̀.

"Ọmọ yìí ò mọ abẹ́rẹ́ dì mú títí ayé," ni wọ́n wí. Wọ́n ká àpò náà, wọ́n gbé e sí àyà. Nígbà náà ni mo wá sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, n kò fi ohunkóhun pamọ́, àti ẹyẹ búlúù, àti omi. Wọn ò bi mí léèrè ta ló rí òkú rẹ̀.

Ẹbí péjọ, wọ́n pe Ààfáà, wọ́n dá ọjọ́ fídáù. Mo ti múra ọkàn mi sílẹ̀. Mo ti yọ yẹtí mi. Mo ti fọ aṣọ funfun méjì tí n óò máa pààrọ̀. Mo bi Ààfáà pé láti ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀ opó mi. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó kàwé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi bí ẹni tó fẹ́ fún èèyàn lẹ́bùn.

"Ìyá Kúdí, Ọlọ́run ti mú un fúyẹ́ fún yín," ló wí. "Ọjọ́ tí ọkọ bá kú ni opó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ìròyìn bá dé. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá náà ti kọjá lọ tipẹ́. Kò sí opó kankan tó kù fún yín láti ṣe mọ́."

Àwọn àbúrò ọkọ mi ní Alámúdúlílà. Èmi náà ní Alámúdúlílà, torí òfin ni, n ò sì gbọ́n ju òfin lọ. Ṣùgbọ́n inú bí mi, n ò ní fi pamọ́ fún yín. Mo ń ronú ibi tí mo wà nígbà tí opó mi ń kọjá lọ. Mò ń din dòdò ní Abíjàn. Mo wé gèlè olómi wúrà lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ ọmọ-ìlú wa kan, mo sì jó. Ẹnì kan ò mọ̀ pé opó ló ń jó níwájú wọn. Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi, n ò sì tíì ní in rí.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo mú yẹtí mi, mo fẹ́ fi í sétí. Ìyá Àgbà gbọ́ bó ṣe ń dún.

"Gbé ìyẹn kalẹ̀," ni wọ́n wí. "Wá jókòó síbí."

"Màámi, Ààfáà ní opó mi ti parí."

"Mo gbọ́ ọ. Ojú ló dùn mí, etí mi ò tíì fọ́." Wọ́n fọwọ́ gbá ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Jókòó. Òfin ò ní kéèyàn má jókòó."

Mo jókòó. Wọ́n ń wá ọwọ́ mi kiri lórí ẹní títí wọ́n fi rí i. Ọwọ́ wọn gbẹ, ó fúyẹ́. Wọ́n dì í mú, wọ́n tún ìjókòó wọn ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wá láti òde.

"Rámọ́tù," ni wọ́n wí, "o kú ará fẹ́ra kù."

Mo mọ èsì rẹ̀. Mo ti fún ẹlòmíràn ní ìkíni náà láìmọye ìgbà, mo sì ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn. Mo ya ẹnu, kò sí ohun tó jáde. Wọ́n rò pé n ò gbọ́, wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n tún un sọ, wọ́n sì dúró tì mí kí n sunkún.